Ọmọ Ta Ni Ọ̀kẹ́rẹ́ Tí Ń Fò?

Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó gbọ́ àlọ́ ní kékeré tí kò mọ ìtàn Àjàò. Àjàò dùbúlẹ̀ àìsàn, ó sì kú. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ẹyẹ pé kí wọ́n wá sin òkú ará wọn. Àwọn ẹyẹ wo ẹnu rẹ̀, wọ́n rí eyín, wọ́n ní kì í ṣe ti àwọn. Wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn eku. Àwọn eku wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n rí apá tí ó fi ń fò, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n rí. Bẹ́ẹ̀ ni òkú Àjàò ṣe wà nílẹ̀. Àwọn àgbà a máa fi ìtàn yìí bá ẹni tí kì í bá ará ilé rẹ̀ ṣe wí. Ṣùgbọ́n bí a bá tún un gbọ́, a ó rí i pé ẹjọ́ kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ẹranko ti ń dá láti ìgbà pípẹ́ wá títí di òní: kí ni à ń wò kí a tó sọ pé ẹranko kan jẹ́ ọmọ ilé kan? Ṣé eyín ni, tàbí apá, tàbí iṣẹ́ tí ó ń ṣe?

Ohun tí ó mú wa sọ ọ̀rọ̀ yìí ní oṣù yìí ni ìwé tí olùkọ́ kan tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa kọ sí wa. Ó ń fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ẹranko, ó sì rí ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ya àwòrán ẹranko inú igbó Amẹ́ríkà, tí ó pè é ní ọ̀kẹ́rẹ́ tí ń fò. Ó béèrè bóyá òun lè kọ orúkọ náà bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá sínú ìwé tí òun ń ṣe fún àwọn ọmọ, kí òun sì fi kún un pé irú rẹ̀ wà nínú igbó tiwa náà. A kí i fún ìtara rẹ̀, nítorí àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Èsì wa ni pé apá kìn-ín-ní ìbéèrè rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n apá kejì kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹranko tí ó wà nínú igbó tiwa kì í ṣe irú ti Amẹ́ríkà rárá. Bí a bá sì fi orúkọ kan náà pe méjèèjì nínú ìwé ọmọdé, àṣìṣe tí àwọn Òyìnbó ti ṣe, tí wọ́n sì ti tún ṣe, ni a ó tún gbé wọ inú èdè wa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè. Àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ tí ń fò ní tòótọ́ tó nǹkan bí 50 ẹ̀yà. Igbó Éṣíà ni púpọ̀ nínú wọn wà, láti òkè Himalaya títí dé Borneo àti Japan. Ẹ̀yà kan wà láti Finland lọ dé Siberia. Mẹ́ta sì wà ní Amẹ́ríkà Àríwá. Kò sí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn ní ilẹ̀ Áfíríkà. Wọn kì í sì fò bí ẹyẹ tàbí àdán ti ń fò. Awọ kan ni ó so ọwọ́ wọn mọ́ ẹsẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Nígbà tí wọ́n bá bẹ́ láti orí igi gíga, wọn a na ọwọ́, wọn a na ẹsẹ̀, awọ náà a tẹ́ bí ẹní, afẹ́fẹ́ a sì gbé wọn títí wọn yóò fi bà lé ara igi mìíràn ní ìsàlẹ̀. Wọn kò lè ti ilẹ̀ gbéra lọ sókè. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń wí nínú ọ̀rọ̀ yìí pé wọ́n ń fò, kí òǹkàwé mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé wọn.

Linnaeus, ará Sweden, ẹni tí ó fi ètò fún gbogbo ẹranko tí ó mọ̀ ní orúkọ Látìn méjì-méjì nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1758, kọ orúkọ méjì nínú wọn sílẹ̀. Ti Yúróòpù ni ó pè ní Sciurus volans, èyí ni ọ̀kẹ́rẹ́ tí ń fò. Ti Amẹ́ríkà ni ó pè ní Mus volans, èyí ni èkúté tí ń fò. Ẹranko méjì tí ó ti inú ilé kan náà jáde, ó fi ọ̀kan sí ilé ọ̀kẹ́rẹ́, ó sì fi èkejì sí ilé èkúté! Ní 1800, Georges Cuvier, ará Faransé, dá orúkọ Pteromys sílẹ̀ fún irú wọn, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gíríìkì jẹ́ èkúté abìyẹ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọ́n sọ́tọ̀, bí ẹni pé àwọn àti ọ̀kẹ́rẹ́ yòókù ti pínyà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nínú ìwé ńlá tí George Gaylord Simpson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1945, ìdajì ilé kan ni ó fún wọn: ọ̀kẹ́rẹ́ ilẹ̀ àti ti orí igi ní apá kan, àwọn tí ń fò ní apá kejì.

Ní 2003 ni John Mercer àti Louise Roth, ti ilé ẹ̀kọ́ gíga Duke ní Amẹ́ríkà, wo DNA àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ láti gbogbo ayé, èyí ni àmì ìran tí ọmọ ń jogún lọ́wọ́ ìyá àti baba rẹ̀, tí ó wà nínú gbogbo ẹran ara. Ohun tí wọ́n rí dójú ti awọ ẹ̀gbẹ́ pátápátá. Àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ tí ń fò kì í ṣe apá kejì ilé kankan. Ẹ̀ka kékeré kan ni wọ́n lára àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ orí igi, ìbátan tímọ́tímọ́ sì ni wọ́n jẹ́ fún ọ̀kẹ́rẹ́ pupa ti Yúróòpù àti eléérú ti Amẹ́ríkà tí kì í fò rárá. Ọ̀kẹ́rẹ́ igbó tiwa ńkọ́, èyí tí àwọn ọmọ wa ń fi kànnàkànnà lé kiri? Ó dà bí ti Amẹ́ríkà ní ìrù, ó dà bí i ní ìrìn, orí igi ni àwọn méjèèjì ń gbé. Síbẹ̀ ìbátan rẹ̀ tí ó sún mọ́ ọn jù lọ kọ́ nìyẹn. Ìkún ni ó sún mọ́. Ìkún tí ń gbẹ́ ihò sí ilẹ̀, tí ń jẹ ẹ̀pà olóko, tí a fi etí rẹ̀ pa òwe. Ẹ wo bí ojú ti ń tan ni jẹ: ọ̀kan ń gbé orí igi, ọ̀kan ń gbé inú ilẹ̀, ilé kan náà ni wọ́n.

Nísinsìnyí, ẹranko tiwa. Nínú igbó kìjikìji gúúsù Nàìjíríà, àti nínú irú igbó bẹ́ẹ̀ kọjá lọ sí ìwọ̀ oòrùn àti sí ilẹ̀ Kóńgò, ẹranko kan ń bẹ tí ọdẹ òru máa ń bá pàdé. Inú ihò igi ńlá ni ó ń sùn lọ́sàn-án. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, yóò jáde láti wá èèpo igi, èso, ewé àti òdòdó jẹ. Òun náà ní awọ ní ẹ̀gbẹ́, afẹ́fẹ́ a sì máa gbé e láti igi dé igi. Ṣùgbọ́n bí a bá yí ìrù rẹ̀ padà, ní ìdí rẹ̀ lábẹ́, a ó rí ìpẹ́ líle ní ìlà méjì, tí ṣóńṣó wọn yọ síta. Nígbà tí ó bá bà lé ara igi, ìpẹ́ yìí ni ó ń tẹ̀ mọ́ èèpo kí ó má baà yọ̀ ṣubú; ìrù rẹ̀ ni igbà tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí akọpẹ ti ń fi igbà ti ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ. Kò sí ọ̀kẹ́rẹ́ kan ní gbogbo ayé, ìbáà ṣe èyí tí ń fò tàbí èyí tí kì í fò, tí ó ní irú ìpẹ́ bẹ́ẹ̀.

Awọ rẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù, John Edward Gray sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1842. Pteromys derbianus ni ó pè é, ó fi í sí àárín àwọn ti Éṣíà, ó sì fi orúkọ Lọ́ọ̀dù Derby dá a lọ́lá, ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó kó ẹranko oríṣiríṣi jọ sí ọgbà rẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, George Waterhouse yẹ òmíràn wò, èyí tí Louis Fraser rí mú wá láti erékùṣù Fernando Po tí à ń pè ní Bioko lónìí. Ìrù ni Waterhouse wò. Ó dá ilé tuntun sílẹ̀ fún un, ó pe ilé náà ní Anomalurus, èyí ni abìrù àràmàǹdà. Orúkọ yìí ni ó dúró títí di òní.

Àwọn tí ó yẹ egungun rẹ̀ wò lẹ́yìn náà tún fi ẹ̀rí kún ẹ̀rí. Ọ̀kẹ́rẹ́ tí ń fò ní eegun rírọ̀ kan, rírọ̀ bí ti etí ènìyàn, tí ó ti ọrùn ọwọ́ yọ jáde láti fi na awọ rẹ̀. Tiwa náà ní irú eegun rírọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìgúnpá ni tirẹ̀ ti yọ. Bí wọ́n bá ti ọwọ́ baba kan náà jogún rẹ̀ ni, kí ló dé tí ti ọ̀kan fi wà ní ọrùn ọwọ́, tí ti èkejì sì wà ní ìgúnpá? Iṣan tí ó fi ń jẹun pẹ̀lú kò gba ibi tí ti ọ̀kẹ́rẹ́ gbà kọjá ní ojú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀nà tí ti òòrẹ̀ àti ọ̀yà gbà ni ó gbà. Nígbà tí DNA sì dé, ẹjọ́ náà parí. Nínú ìran ńlá àwọn ẹranko tí ń fi eyín iwájú gé nǹkan jẹ, apá ibi tí èkúté àti òkété wà ni ẹranko yìí wà. Ọ̀kẹ́rẹ́ wà ní apá mìíràn tí ó jìnnà. Ìbátan rẹ̀ mìíràn tí ó sún mọ́ ọn, tí ó sì ṣì wà láàyè, ni ẹranko kan tí ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì tọ kiri lórí pápá ìlà oòrùn àti gúúsù Áfíríkà, tí ìdílé rẹ̀ ń jẹ́ Pedetidae. Kò mọ igi gígùn, áńbọ̀sì-bọ́sí pé kí ó fò.

A kò lè ṣàì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Linnaeus mú ọ̀kẹ́rẹ́, ó pè é ní èkúté. Gray mú ẹni tí ó bá èkúté tan, ó kó o sí àárín ọ̀kẹ́rẹ́.

Ẹlòmíràn tún wà nínú igbó Cameroon àti Bioko tí ó yẹ kí a dárúkọ, Zenkerella, tí Matschie ará Jámánì kọ sílẹ̀ ní 1898. Ó ní ìpẹ́ ìdí ìrù gẹ́gẹ́ bí ti tiwa, ṣùgbọ́n kò ní awọ kankan ní ẹ̀gbẹ́, kò sì lè fò. Ní 2016 ni a rí DNA rẹ̀ yẹ̀ wò, ó sì fara hàn pé ìbátan àwọn tí ń fò ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti yà kúrò lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà tí ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi fún un ní ìdílé tirẹ̀. Bí a bá wo awọ nìkan, a ó lé e jáde nínú ilé baba rẹ̀. Ní Ọsirélíà, ẹ̀wẹ̀, ẹranko wà tí ń gbé ọmọ sínú àpò ikùn tí ó sì ní awọ ẹ̀gbẹ́ bí ti ọ̀kẹ́rẹ́; kò bá ọ̀kẹ́rẹ́ tan, kò bá tiwa tan. Ẹni tí ó bá ń gbé orí igi gíga tí ebi ń pa, tí ọ̀tá wà nílẹ̀, ó jọ pé awọ yìí jẹ́ ohun tí ó wúlò fún un. Ìdí nìyí tí onírúurú ìdílé fi ní in, olúkúlùkù ní àkókò tirẹ̀.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, nítorí a ti mọ̀ pé iṣẹ́ kì í ṣe ìran. Bí a bá bá alágbẹ̀dẹ méjì pàdé, tí ọ̀kan jẹ́ ará Ọ̀yọ́, tí èkejì jẹ́ ará Kánò, a kò ní sọ pé baba kan ni ó bí wọn nítorí pé àwọn méjèèjì ń fẹ ewìrì. Oríkì orílẹ̀ ni a ó béèrè. Ọmọ Oníkòyí lè jẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, kí ó jẹ́ akọ̀wé ní Èkó, kí ó jẹ́ oníṣòwò ní Kútọnu. Bí ìyá àgbà bá ń kì í ní òwúrọ̀, ọmọ Oníkòyí náà ni yóò pè é. Ìwé àwọn onímọ̀ ẹranko, nígbà tí ó bá tọ́, kò ju oríkì orílẹ̀ lọ. Àṣìṣe tí ó wọ inú rẹ̀ ní 1842 ni pé iṣẹ́ ni wọ́n wò nígbà tí ó yẹ kí wọ́n wo ilé. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí tún mú wa dé ibi kan tí ó ká wa lára. Ẹ̀yà kejì tí ó wà nínú igbó wa ń jẹ́ Anomalurus beecrofti. Louis Fraser tí a ti dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ni ó fún un ní orúkọ náà, ó sì jáde ní 1853. Ta ni Beecroft? Òun ni John Beecroft, kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì ní Fernando Po, ẹni tí ó wà níbẹ̀ ní oṣù December 1851 nígbà tí ọkọ̀ ogun Òyìnbó yin àgbá sí Èkó, tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ jáde, tí wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Ogun tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ogun Àgídíngbì. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìwé àdéhùn tí Akítóyè tẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1852. Fraser pàápàá di igbá-kejì kọ́ńsù ní Èkó ní ọdún náà. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé ẹranko tí kò bá ẹnikẹ́ni jà, tí ń sùn nínú ihò igi, ń ru orúkọ ẹni tí ó kó àgbá wọ ọ̀sà wa.

A kò sọ pé kí a pa orúkọ náà rẹ́. Òfin àwọn onímọ̀ ẹranko ni pé orúkọ tí a kọ́kọ́ fún ẹ̀yà kan ni yóò máa jẹ́. Àní nígbà tí a gbé derbianus kúrò ní ilé Gray lọ sí ilé Waterhouse, derbianus bá a lọ. Òfin rere ni, nítorí láìsí i, olúkúlùkù ni yóò máa pe ẹranko ní ohun tí ó wù ú, ará Japan kò sì ní mọ ohun tí ará Brazil ń wí. Ṣùgbọ́n orí Látìn ni òfin náà mọ. Kò de èdè Yorùbá. Bí àwa fúnra wa bá sọ orúkọ tí ó wà lẹ́nu àwọn ọdẹ wa nù, tí a wá jókòó sí ìlú ńlá tí a ń túmọ̀ àṣìṣe Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, a kò lè dá Beecroft lẹ́bi fún èyí.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa yóò wí pé kí ni a ń da ara wa láàmú sí, nígbà tí àwọn baba wa ti mọ gbogbo èyí kí Òyìnbó tó dé. A kò lè bá wọn wí i bẹ́ẹ̀. Ọdẹ mọ ihò tí ẹranko náà ń sùn sí, ó mọ igi tí ó ń bó èèpo rẹ̀ jẹ, ó mọ ìpẹ́ ìrù rẹ̀ kí Waterhouse tó rí i. Ìmọ̀ ńlá ni, a kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín in. Ṣùgbọ́n pé ẹranko náà bá èkúté tan, tí kò bá ọ̀kẹ́rẹ́ tan, egungun tí a tò sórí tábìlì àti DNA ni ó fi hàn, kì í ṣe ìjálá. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń yin àwọn baba rẹ̀ fún ohun tí wọn kò ṣe, kò ní pẹ́ gbàgbé ohun tí wọ́n ṣe. Àwọn mìíràn sì ń bẹ tí wọ́n gbà pé ohun tí kò bá sí nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ìmọ̀. Àwọn wọ̀nyí ni kí a fi han ibi tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì ti ń pe ẹranko yìí ní ọ̀kẹ́rẹ́ títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ̀mọ̀wé wọn ti yọ ọ́ kúrò ní ilé ọ̀kẹ́rẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ohun tí a sọ fún olùkọ́ wa nìyí. Kí ó kọ ọ̀kẹ́rẹ́ tí ń fò fún ti Amẹ́ríkà, ti Yúróòpù àti ti Éṣíà, nítorí ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n lóòótọ́. Fún tiwa, kí ó má kọ ọ̀kẹ́rẹ́ rárá. Kí ó fi àyè sílẹ̀ ní ojú ìwé náà, kí ó mú àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọdẹ tí ó dàgbà jù lọ ní ìlú, kí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kọ orúkọ tí ó bá pè é sí àyè náà.

Ohun kan náà ni a ń bẹ gbogbo ẹ̀yin òǹkàwé wa fún, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní Oǹdó, ní Ìdànrè, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Ìjẹ̀ṣà, àti ẹ̀yin ará wa ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́. Ẹ bi àwọn ọdẹ. Ẹ kọ orúkọ náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti pè é, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kí ẹ má sì tún un ṣe kí ó lè bá ti ìlú mìíràn mu. Ẹ bi wọ́n bóyá orúkọ kan ni wọ́n ní fún ńlá àti kékeré, tàbí ọ̀tọ̀ ni ti olúkúlùkù. Irú igi wo ni wọ́n ń bá a nínú rẹ̀. Oríkì wo ni ó ní. Ẹ béèrè ìpẹ́ ìdí ìrù, kí ó lè dá wa lójú pé ẹranko kan náà ni a ń sọ. Ẹ má fi falẹ̀, nítorí àwọn agégẹdú ń gé igi ńlá inú igbó, ẹranko yìí kò sì ní ilé mìíràn. Àwọn ọdẹ tí ó mọ̀ ọ́n náà sì ń darúgbó. Gbogbo orúkọ tí ó bá dé ọwọ́ wa ni a ó tẹ̀ sínú ìwé yìí, ìlú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀, láìyan ọ̀kan lé èkejì lórí.